Ẹ̀rọ ìgégi: àwòkọ tuntun àbí àlòkù àwọn onígẹdú?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgégi, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká tuntun àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń kù fún un. Àkọ́kọ́ ni àwòkọ, èyí tí wọ́n wo ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe: tuntun nínú páálí, ó ń dán, wọ́n kọ 5200 tàbí 5800 sí i lára, owó rẹ̀ ò sì ju pọ́ọ́kú lọ. Ìkejì ni àlòkù tí àwọn onígẹdú ti fi ṣiṣẹ́, irú Stihl 066 àti MS 660, tàbí Husqvarna 365 àti 372. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé ẹnikẹ́ni ò tú u rí. Mo ti ní méjèèjì. Àwòkọ yẹn ti di ibi tí mo ti ń tú bóòtù lò; àlòkù náà ṣì ń gégi. Ẹ má fi ìyẹn nìkan pinnu o, torí àlòkù burúkú wà, àwòkọ tó ń bá olówó rẹ̀ pẹ́ náà sì wà.

Ká tètè kọjá lórí àwọn nǹkan tí kò le. Ní ti ìwúwo, àwòkọ fúyẹ́ ju MS 660 lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka igi lẹ fẹ́ máa gé, apá ò ní máa ro yín. Ní ti ìgbọ̀nrìrì, àlòkù ló borí, bí rọ́bà tàbí sípíríìnì tó gbé ọwọ́ rẹ̀ ró kò bá tíì já. Ní ti agbára, MS 660 jẹ́ nǹkan bíi 92 cc (ìyẹn ìwọ̀n àyè inú sílíńdà), 372 jẹ́ nǹkan bíi 71 cc, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Ti àwòkọ ni kẹ́ ẹ wọ̀n fúnra yín. Bí ìbú ojú sílíńdà bá jẹ́ 45 mm, tí ìrìn písítìnì láti ìsàlẹ̀ dókè bá jẹ́ 34 mm, 54 cc lẹ ní lọ́wọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí, kódà bí 5800 bá fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé 58 cc ni.

Ibi tí owó mi gbà lọ ni afẹ́fẹ́. Kì í ṣe èyí tó ń gba inú asẹ́ kọjá o, èyí tó ń yọ́ wọlé ni mò ń wí.

Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé bíi ti ọkọ̀. Inú bẹntiróòlù tẹ́ ẹ po ọ́ìlì mọ́ ló ti ń rí i. Àdàlù náà á kọ́kọ́ gba ìsàlẹ̀ písítìnì, níbi tí kírańkì àti bíárìn wà, kó tó gòkè lọ jóná. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé níbòmíràn lẹ́yìn kábúrétọ̀, epo dín kù, ọ́ìlì náà dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ooru sì ń ga sí i. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kò ní kọ́kọ́ dà bí àìsàn. Ẹ́ńjìnnì á máa ké kíkankíkan, ẹ ó tiẹ̀ rò pé agbára rẹ̀ ti ju ti àná lọ. Ká tó wí, ká tó fọ̀, písítìnì ti ha ara sílíńdà, ó ti nọ́ọ̀kù.

Bí ti àwòkọ mi ṣe rí gan-an nìyẹn. Sílò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mi ò tẹ tirígà, ń gòkè ń sọ̀, tí mo bá sì fi tirígà sílẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í tètè wálẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní mi ò po ọ́ìlì tó. Ẹni tó bá mi tún un ṣe pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì, ó gba owó rẹ̀, ó dá a padà, kò sì wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rárá. Písítìnì tuntun náà bá ti àkọ́kọ́ lọ. Rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ sílíńdà ló là lábẹ́, níbi tí ojú ò lè tó, ooru sì ti tẹ ike tí wọ́n fi dè é. Páàtì tí kò tó nǹkan ló ń pa páàtì olówó ńlá.

Àwọn ibi tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé kò pọ̀: ọ́ìlì síìlì ní orí méjèèjì kírańkì, rọ́bà abẹ́ kábúrétọ̀, okùn rọ́bà tíntín tó ń gbé èémí kírańkì lọ sí kábúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sílíńdà, àti bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí okùn lè rọrùn láti fà, lára ẹ̀rọ tó bá ní in. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkúrúù kábúrétọ̀, àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ ti búrékì ṣéènì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, kẹ́ ẹ wá rọra dà á sí ọ̀tún, sí òsì, kẹ́ ẹ sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ń yí padà bẹ́ ẹ ṣe ń dà á, síìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àyẹ̀wò tó dájú ni pé kẹ́ ẹ yọ sálẹ́ńsà àti kábúrétọ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dí ojú ihò méjèèjì, kẹ́ ẹ wá fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 0.5 bar sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì da omi ọṣẹ sí i lára. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú. Síìlì mìíràn wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú, á fún mọ́ kírańkì, kò ní jò. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fà á jáde ni àṣírí rẹ̀ máa tú. Àwọn kan máa ń tú síkúrúù H, èyí tó ń díwọ̀n epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, kí epo lè pọ̀, kí ìjò náà má bàa hàn. Òótọ́ ni pé á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjò kì í dúró sójú kan.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn mú wá sórí ọjà. Ìkarahun kírańkì ẹ̀rọ onígẹdú jẹ́ magnesium, ó pín sí méjì lóòró, síìlì rẹ̀ sì kọjú síta. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì lápá kan, ẹ tú fáìwíìlì lápá kejì, ẹ ó fà wọ́n yọ láìla ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún lílò ilé kò rí bẹ́ẹ̀, kódà èyí tó wá láti ilé iṣẹ́ ńlá. Stihl MS 170, MS 180 àti MS 250, ẹ́ńjìnnì wọn jókòó sínú ike ni, àárín ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ sì ni síìlì há sí. Láti pààrọ̀ síìlì kan, gbogbo ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde, kẹ́ ẹ ya á, kẹ́ ẹ tún fi gọ́ọ̀mù tí kì í bẹ̀rù epo lẹ̀ ẹ́ padà. Kì í ṣe pé kò dára, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni. Àwọn àwòkọ kì í rí bákan náà: òmíràn pín lóòró bíi ti onígẹdú, òmíràn jókòó sínú ike. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, bí ẹni tó ń tà á ò bá sì mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń béèrè, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ọ̀rọ̀ páàtì tẹ̀ lé e. Páàtì ẹ̀rọ onígẹdú ní nọ́ńbà, ó ní àwòrán tó fi ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ń gbé hàn. Àwọn tó lókìkí jù, MS 660 àti 372 ni mò ń wí, àwọn mìíràn tún ń ṣe páàtì wọn yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ tó ni ín, ẹ lè yan olówó ńlá tàbí olówó kékeré. Mi ò kọ̀ kí ike ìbòrí jẹ́ olówó kékeré. Síìlì, bíárìn àti rọ́bà kábúrétọ̀, ojúlówó ni kẹ́ ẹ rà. Ti àwòkọ, páàtì rẹ̀ pọ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ kẹ́ ẹ fi wé tuntun, torí 5800 tèmi àti 5800 tiyín lè má jẹ́ ọmọ ìyá. Bẹ́ ẹ bá rí Dolmar àlòkù, ẹ̀rọ gidi ni, àmọ́ Makita tó ni ín ti jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù ní 2022. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ó ti máa rí páàtì ná. Àwọn tuntun onígẹdú tí kábúrétọ̀ wọn ń tún ara rẹ̀ ṣe, M-Tronic ti Stihl àti AutoTune ti Husqvarna, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á ní àlòkù bí kò bá sí ẹni tó ní irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà nítòsí.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ ń lọ rà, kó tutù nígbà tẹ́ ẹ máa débẹ̀. Ẹni tó ti bá yín tan án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé mọ ohun tó ń bò. Ẹ pa á, ẹ di ìdí okùn rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi okùn náà gbé e sókè: tó bá rọra ń sọ̀ ní ìdákúrekú, kọ́mpíréṣàn (agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) wà, tó bá já wálẹ̀ wìì, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní gééjì tó ń wọn kọ́mpíréṣàn, 150 psi dùn ún rí. Tí kò bá tó 120, ẹ yọ owó ríǹgì kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Lẹ́yìn náà, ẹ tú sálẹ́ńsà, bóòtù díẹ̀ péré ni, kẹ́ ẹ tan iná wo ara písítìnì. Bó bá ń dán láìsí ìlà, ẹ máa bá a lọ. Ìlà ní ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà túmọ̀ sí ooru, bóyá epo kò tó, bóyá ọ́ìlì kò sí nínú epo. Ìlà ní ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ túmọ̀ sí eruku, ẹni tó ni ín kì í fọ asẹ́. Ẹni tó kọ̀ kẹ́ ẹ tú sálẹ́ńsà náà ti fún yín lésì. Ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìkarahun, torí àwòkọ pọ̀ tí wọ́n ti lẹ orúkọ MS 660 mọ́, tí wọ́n sì ń tà ní owó ojúlówó.

Epo kò yàtọ̀ fún méjèèjì: 50:1 ni 20 ml ọ́ìlì nínú lítà bẹntiróòlù kan, 25:1 ni 40 ml. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ bá wí ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ wá ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO FD sí, àmì ọ́ìlì tó yẹ irú ẹ́ńjìnnì yìí. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ni ín. Ẹ má jẹ́ kí àdàlù epo pẹ́ ju oṣù kan lọ nínú táǹkì, pàápàá èyí tó ní ethanol, torí ó ń fa omi, ó sì ń mú kí awọ inú kábúrétọ̀ gan. Ní ti pípọ́n ṣéènì: fáìlì 4.0 mm fún ṣéènì tí wọ́n ń pè ní 3/8 kékeré, 4.8 mm fún èyí tí wọ́n ń pè ní .325. Ẹ̀rọ tí búrékì ṣéènì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ má tan án rárá.

Bí igi tẹ́ ẹ fẹ́ gé kò bá ju ẹ̀ka tó já lulẹ̀ lẹ́yìn ìjì lọ, àwòkọ tó. Ẹ ra rọ́bà kábúrétọ̀, páìpù epo àti síìlì méjèèjì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ má sì retí pé ẹnikẹ́ni máa rà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìnwá ọ̀la. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe, àlòkù tí wọ́n ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí kò jò, ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn láti máa tú nǹkan ńkọ́? Ó lè dà bíi pé tuntun ló yẹ ẹ́. Lójú tèmi, òun gan-an ni kò yẹ kó ra àwòkọ, torí òun ni yóò máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ̀rọ ìgéko ni mo yọ sílẹ̀. Níbẹ̀, mo fara mọ́ àwòkọ, torí bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ lè tú u kúrò lórí ọ̀pá kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i láìra gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé ọ̀pá náà máa ń jẹ́ 26 mm tàbí 28 mm, irin tó ń yí nínú rẹ̀ sì máa ń ní eyín 7 tàbí 9. Ẹ wọn ọ̀pá, kẹ́ ẹ sì ka eyín náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.