Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú tẹlifíṣàn 55 íǹṣì: ìgbà tí mo tún àwòrán rẹ̀ ṣe ni ojú yéé ta mí

Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń lo tẹlifíṣàn LED yìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n dá a padà. Àwòrán rẹ̀ ń dán yinrin, ṣùgbọ́n tí mo bá fi máa wo fíìmù kan tán lálẹ́, ojú á ti máa ta mí, orí á sì ti wúwo. Mo rò pé ojú mi ló ń bàjẹ́. Àṣé orí Vivid, ọ̀kan nínú àwọn ètò àwòrán rẹ̀, ni wọ́n gbé e sí wá láti ilé iṣẹ́: ìmọ́lẹ̀ dé góńgó, funfun rẹ̀ ń fà sí búlúù. Ìyẹn dára fún ṣọ́ọ̀bù tí iná pọ̀ rẹpẹtẹ. Nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn, ìyà ni.

Mo gbé Picture Mode sí Cinema, mo fa Backlight wálẹ̀ láti 100 sí 35. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ojú tù mí. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń wọlé, mo máa ń gbé e padà sí 70.

Ẹ má fi Backlight pe Brightness o. Backlight ló ń mú kí gbogbo ojú tẹlifíṣàn mọ́lẹ̀. Ibi tó dúdú ni Brightness ń bá ṣiṣẹ́. Mo fi fíìmù kan dán an wò, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú ti dúró sídìí ògiri lóru. Nígbà tí Brightness kéré jù, kóòtù pòórá, ó ku orí lásán. Nígbà tó pọ̀ jù, òru di eérú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé e títí mo fi rí bọ́tìnnì kóòtù, mo bá dúró níbẹ̀.

Colour Temperature, ìyẹn bí funfun ṣe ń fà sí búlúù (Cool) tàbí sí pupa rúsúrúsú (Warm), ló gba sùúrù. Nígbà tí mo gbé e sí Warm, ó dà bí ẹni pé iná àtùpà ni wọ́n fi ya gbogbo nǹkan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú mi ti mọ́ ọn. Mo dá a padà sí Cool láti fi wéra, eyín àwọn òṣèré ń ṣe búlúù! 6500 K (Kelvin, tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni ìwọ̀n funfun tí àwọn tó ń ṣe àwọ̀ fíìmù ń lò, Warm ló sì sábà máa ń sún mọ́ ọn jù.

Mo fa Sharpness, tó ń mú kí etí àwòrán hàn ketekete, wálẹ̀ sí 10, ìlà funfun tó yí àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ fíìmù ká sì lọ. Iná kékeré tí mo gbé sẹ́yìn tẹlifíṣàn, tó kọjú sí ògiri, ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹjọ́ mi kò ju méjì lọ. Ojú HDMI kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò tí a ń ki wáyà dẹ́kódà àti irú rẹ̀ bọ̀, ló ní ètò àwòrán tirẹ̀, ìwé tó bá a wá kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo so dẹ́kódà mọ́ ọn, Vivid tún bù yẹ̀rì sí mi lójú, ni mo bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, àwòrán máa ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ láàárín fíìmù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Kò sí lábẹ́ Picture rárá, abẹ́ Power Saving ló wà. Mo pa á, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan.