ddrescue, fún háàdì dísìkì tó ti ń kú lọ

Ní oṣù tó kọjá, háàdì dísìkì 500GB tí mo kó fọ́tò ilé wa sí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: mo ṣí fódà, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà máa dà á kọ síbòmíràn. Nígbà tó kan fáìlì kan tó ti bàjẹ́, ojú kan náà ló dúró sí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, tó ń kà á lákàtúnkà, bẹ́ẹ̀ irú àkàtúnkà yìí lè tètè pa dísìkì tó ti ń ṣàìsàn.

GNU ddrescue, ètò kọ̀ǹpútà tí Antonio Diaz Diaz kọ láti kó dátà kúrò lórí dísìkì tó ń bàjẹ́, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó ṣì dá ṣáṣá ló máa ń kọ́kọ́ kó. Bó bá kan ibi tó bàjẹ́, kì í bá a jà, ńṣe ló máa ń fò ó, tí yóò sì ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mapfile. Ìgbà tó bá kó èyí tó rọrùn tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń padà sórí èyí tó fò, tí yóò kọ́kọ́ gé e létí, kó tó wá máa họ ọ́ ní sẹ́kítọ̀ (ẹyọ kékeré tí dísìkì pín sí) kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí:

ddrescue -d -n /dev/sdb foto.img foto.map

/dev/sdb ni dísìkì tó ń ṣàìsàn, foto.img ni ẹ̀dà rẹ̀, foto.map sì ni mapfile. Lẹ́tà n yẹn ló sọ fún un pé kó má tíì họ ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ lóru ọjọ́ náà, tí bátìrì kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó sì kú. Mo tún àṣẹ kan náà tẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ìtòsí ibi tó ti dúró. Ní àárọ̀, mo fi -r3 rọ́pò -n, kó lè padà gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Lórí Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, gddrescue ni ẹ óò fi sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ddrescue ni ẹ óò máa tẹ̀, èyí tó da èmi gan-an láàmú. Kò mọ orúkọ fáìlì kankan. Odindi dísìkì ló ń dà kọ, nítorí náà ẹ nílò àyè tó tó gbogbo rẹ̀ lórí dísìkì mìíràn. Ẹni tó bá sì fi -f kún un láti kọ tààrà sórí dísìkì mìíràn, tó wá ṣi èyí tó ń kà àti èyí tó ń gbà gbé, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó fẹ́ gbà là. Bí dísìkì bá sì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tú u.

Ní tèmi, gbogbo fọ́tò ló padà wá, àfi mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìyá mi níbi ìkómọ: gèlè rẹ̀ hàn kedere, ó dé ọrùn, ìyókù sì di àwọ̀ eérú.