Àgbéyẹ̀wò PROJ: ààlà ilẹ̀ tó sún ní mítà méje láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń lo PROJ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbẹ̀rẹ̀ n kò mọ̀ pé òun ni mò ń lò. Inú ikùn àwọn sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀ ló máa ń wà. Òun ló ń ṣe ìṣirò tó ń gba kóódínéètì tí GPS gbé wá láti oko, tí yóò sì sọ ọ́ di èyí tó bá ìwé sọ́fè mu. Gerald Evenden ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 ní USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ṣí i wò láti rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ yí padà, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ ló ń bá irú rẹ̀ pàdé láìfura.

Ní ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan mú ìwé sọ́fè pọ́lọ́ọ̀tì kan wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n ti san ìdajì owó ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà kí wọ́n tó san èyí tó kù. Mo tẹ kóódínéètì àwọn píláà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì gbé e lé orí àwòrán ilẹ̀ ìjọba tí a ní nípamọ́. Ilẹ̀ náà mọ́: ìlà ìjọba dúró sí ìhà ìlà oòrùn rẹ̀, ó fi bíi mítà mẹ́rin jìnnà sí i. Mo ti ń wá gègé láti kọ̀wé fún wọn nígbà tí ẹnì kejì mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí wá síwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Fáìlì kan náà ló ṣí, sọ́fítíwíà kan náà ló fi ṣí i, àfi pé ẹ̀yà tuntun ni tirẹ̀. Níbẹ̀, ìlà ìjọba ti wọ inú ilẹ̀ náà ní mítà mẹ́ta. Pọ́lọ́ọ̀tì ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́fà ni, ìbú rẹ̀ kò ju mítà 18 àti díẹ̀ lọ, nítorí náà mítà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbójú fò. Ẹ̀gbọ́n náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ṣé kí n san owó yòókù ni àbí kí n má san án?” A kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ìwé sọ́fè wa níhìn-ín dúró lórí datum (ètò tó ń sọ ibi tí a ti ń ka kóódínéètì àti ìrísí tí a gba ayé sí) tí à ń pè ní Minna, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píláà L40 ní ìlú Minna, tó sì gba ayé sí ìrísí tí Clarke ṣírò ní 1880. GPS ní tirẹ̀ dúró lórí WGS 84, datum míràn tó wà fún gbogbo ayé. Bí ènìyàn bá mú kóódínéètì ilẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta láti orí Minna, tó lò ó bíi pé WGS 84 ni láìyí i padà, ilẹ̀ náà yóò sún ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ yí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ọ̀nà ìyípadà kò pé ẹyọ kan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní òǹkà mẹ́ta, -92, -93 àti 122 mítà, ìyẹn bí a ó ṣe sún un tó ní ìhà mẹ́ta. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ṣírò rẹ̀ láti ibùdó mẹ́fà péré ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn fúnra wọn sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè fi mítà 3, 6 àti 5 ṣàṣìṣe. Òmíràn wà fún gúúsù Nàìjíríà tó ní òǹkà méje, nítorí pé yàtọ̀ sí sísún, ó tún ń yí ayé díẹ̀, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú EPSG, àkójọ tí àwọn awọnlẹ̀ iléeṣẹ́ epo dá sílẹ̀: 1169 ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, 1754 ni ti ìkejì. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìyàtọ̀ wọn tó mítà méje, ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yà àtijọ́ PROJ kì í yan ọ̀nà. Orúkọ datum kọ̀ọ̀kan ní òǹkà kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ọn lábẹ́ ọ̀rọ̀ towgs84, WGS 84 sì ni oríta tí gbogbo ìyípadà ń gbà kọjá. Mo ti rí fáìlì ogbó kan tí wọn kò tilẹ̀ so ohunkóhun mọ́ Minna nínú rẹ̀. Nígbà tí PROJ 6 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n kó gbogbo àkójọ EPSG sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ilẹ̀ wà àti bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó kó tó yan èyí tó yẹ. Even Rouault ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, owó tí àwọn tó ń lò ó dá jọ ni wọ́n sì fi ṣe é. Iṣẹ́ tó kún fún ìmọ̀ ni, mo sì kí wọn. Ohun tó dùn mí ni pé sọ́fítíwíà tí a fi ń lo PROJ fi wíńdò kékeré kan béèrè ọ̀nà tí a fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tẹ OK, ó fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ pé kí wọ́n má bi òun mọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méjì ni a fi wá ibi tí mítà méje náà ti wá. Ní ọdún 2016, a ti yí àwòrán ilẹ̀ ìjọba náà láti Minna sí WGS 84 kó lè bá àwòrán tí sátẹ́láìtì yà mu, a kò sì tọ́jú èyí tí a kọ́kọ́ ní. Ẹ̀yà àtijọ́, pẹ̀lú òǹkà mẹ́ta, ni a fi yí i nígbà náà. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀nà kan náà ló gbà padà sí Minna, àṣìṣe àlọ àti ti àbọ̀ sì pa ara wọn rẹ́. Lórí ti ẹnì kejì mi, ó bá ọ̀nà kan lọ, ó bá òmíràn bọ̀, ìlà ìjọba sì sún sí ìwọ̀ oòrùn wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀. Fáìlì náà kò sì lè sọ fún wa: ó ń kọ orúkọ datum tó wà lórí rẹ̀, kì í kọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. A padà sídìí àwòrán orí bébà, a tẹ kóódínéètì Minna tó wà lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìyí ẹyọ kan padà, ìlà náà sì dúró sí mítà mẹ́rin lẹ́yìn ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè pe ẹ̀gbọ́n náà.

Àṣìṣe kejì tí ẹ̀yà tuntun mú wá kò gbà wá lákòókò rárá. GDAL 3, ẹ̀yà ohun èlò tí sọ́fítíwíà fi ń ka fáìlì àwòrán ilẹ̀, tó jáde ní 2019 kan náà tó sì ń lo PROJ 6, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ètò EPSG pé latitude ni kó ṣáájú longitude lórí WGS 84, nígbà tó jẹ́ pé òdìkejì ni gbogbo prógírámù wa ń retí. 7.15 àti 3.35 pààrọ̀ ipò, píláà Abẹ́òkúta sì bá ara wọn láàárín òkun ní gúúsù Bonny. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń pariwo ara rẹ̀. Èyí tó fi mítà méje sún kì í pariwo.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, àṣẹ projinfo ni mo kà sí ohun tó dára jù nínú gbogbo PROJ. Ẹ kọ projinfo -s EPSG:26331 -t EPSG:4326 --spatial-test intersects, yóò to gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín Minna ti zone 31 (ìpín ilẹ̀ tí Abẹ́òkúta wà) àti WGS 84 sílẹ̀ pẹ̀lú àdúgbò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún àti mítà tó lè fi ṣàṣìṣe. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà ballpark níbẹ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀nà yẹn wọn ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí kò yí datum rárá. Ẹ má sì retí sẹ̀ǹtímítà láti ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn: WGS 84 fúnra rẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti àwọn ọdún 1980, EPSG sì kà á sí ohun tí kò péye ju mítà méjì lọ.

Ní báyìí PROJ 9 ló wà lórí kọ̀ǹpútà àwa méjèèjì, 1169 ni a dì mọ́ ọn, nọ́ńbà náà sì wà lára orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan tí a bá yí. Iṣẹ́ ààlà kì í kúrò lórí Minna mọ́ rárá. A kò tíì pa ẹ̀yà àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kẹta tó wà ní kọ̀rọ̀, torí pé fáìlì ogójì ó lé ló ṣì kù tí a kò mọ ọ̀nà tí wọ́n bá lọ, ibẹ̀ ni a sì ti ń yẹ̀ wọ́n wò ní alaalẹ́ Ọjọ́rú, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.