Ẹṣin-òkun aláwọ̀ mèremère: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ẹni tó bá ń wá ẹṣin-òkun, ẹja kékeré tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, rà sínú táńkì ilé rẹ̀, àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń bèèrè. Ó fẹ́ yẹ́lò, ó fẹ́ pupa, ó fẹ́ èyí tó ní àmì tó-tò-tó lára. Ọlọ́jà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá tàn fi máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ gan-an ni kì í dúró lára ẹja yìí. Ìwà alágẹmọ ló ní: bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ibi tuntun, bí ohun tó yí i ká bá ṣókùnkùn, á dúdú. Yẹ́lò tí ẹ rà lónìí lè ti di búráùn kí oṣù tó parí, ó sì lè má jẹ́ àìsàn rárá. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo fi ń wọn ẹṣin-òkun kọ̀ọ̀kan kí n tó débi àwọ̀: ibo ni wọ́n ti bí i, kí ló sì ń jẹ?

Ti oko àti ti òkun

Èyí tí wọ́n kó láti inú òkun sábà máa ń gbé kòkòrò àrùn wá, edé ààyè nìkan ló sì mọ̀ ní oúnjẹ. Ẹ gbé edé dídì síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó títí tó fi máa rì sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyẹn, torí ẹṣin-òkun kò ní àpòlúkù tí oúnjẹ lè dúró sí, kò sì ní eyín. Ohun tó bá fà sẹ́nu, inú ìfun ló gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí èyí tó bá kọ oúnjẹ kì í fi í pẹ́ rù.

Èyí tí wọ́n bí sínú oko ẹja yàtọ̀ pátápátá. Edé mysis dídì ni wọ́n ti fi kọ́ ọ láti kékeré, ó sì ti mọ ìgbésí ayé inú gíláàsì. Owó rẹ̀ ju ti òkun lọ, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi máa torí owó náà ra òmíràn.

Ìkẹta wà láàárín méjèèjì, òun ló sì máa ń rú oníbàárà lójú. Àwọn kan wà ní Éṣíà tí wọ́n ń tọ́ nínú àgò tàbí adágún tí omi òkun ń wọ̀ tààrà láìsẹ́. Ọlọ́jà á ní "ti oko ni", kò sì purọ́, àmọ́ kòkòrò inú òkun ti bá wọn gbé. Ẹ bi í léèrè pé oko wo, ní orílẹ̀-èdè wo, àti pé inú omi wo ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2004 ni gbogbo ẹṣin-òkun ti wà lábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko láàárín orílẹ̀-èdè. Tí ẹja bá ti máa sọdá ẹnubodè, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ̀yà méjì ló ń gbé òkun ibẹ̀, òfin sì ti ń dáàbò bò wọ́n láti ọdún 2008. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Òkun tiwa náà ní ọ̀kan, Hippocampus algiricus, tó wà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Àǹgólà, tí etíkun Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà sì wà láàárín. Bí apẹja bá fi èyí tó wà láàyè lọ̀ yín, ẹ dákun, ẹ má rà á. Irú rẹ̀ ti ń dín kù.

Erectus àti reidi: ibi tí ìdíje gidi wà

Hippocampus erectus ń gbé etíkun Amẹ́ríkà ní Àtìláńtíìkì, láti Kánádà lọ sí ìsàlẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 19. Ara rẹ̀ le, ó máa ń tètè jẹ edé dídì, ó sì máa ń fara da àṣìṣe kéékèèké. Dúdú, eérú àti búráùn ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ àwọn oko ti ń yan àwọn tó pọ́n, tó jẹ́ yẹ́lò tàbí àwọ̀ ọsàn, sìn pọ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ funfun tó máa ń wà ní ọrùn rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀.

Hippocampus reidi ni arẹwà inú wọn. Láti North Carolina gba inú òkun Kàríbíánì dé Bràsíl ló ti wà. Ẹnu rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn rẹ̀ a sì máa dán yanran, pẹ̀lú àmì dúdú tó-tò-tó káàkiri. Tó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan la ń sọ, reidi ti borí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni ọmọ bíbí. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé akọ ló ń lóyún. Akọ reidi lè bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé ọmọ artemia (edé omi iyọ̀ tíntìntín) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gan-an lè tóbi jù fún ẹnu wọn, ojú omi ni wọ́n sì máa ń léfòó sí lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n á máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kú. Ọmọ erectus kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ artemia lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá fẹ́ sin ọmọ, erectus ni kó rà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹja lásán tó sì ti tọ́jú omi iyọ̀ rí, reidi kò burú.

Hippocampus kuda fara jọ wọn ní títóbi, yẹ́lò rẹ̀ sì dára, àmọ́ òun ni mo ṣe ń pariwo oko Éṣíà lókè. Hippocampus comes, tí ìrù rẹ̀ ní ìlà yẹ́lò àti dúdú, fẹ́ràn ẹgbẹ́, ó sì máa ń ṣeré lóru ju ọ̀sán lọ.

Èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù

Hippocampus zosterae kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Táńkì lítà 20 tó o, owó rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Ọmọ artemia ààyè ló ń jẹ lójoojúmọ́. Ìyẹn ni pé ẹ óò máa da ẹyin artemia sínú ìgò omi iyọ̀, ẹ óò ki ọ̀pá afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ óò dúró fún nǹkan bí wákàtí 24, ẹ óò sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò sí ọjọ́ ìsinmi. Nǹkan bí ọdún kan ló sì ń lò láyé. Olówó pọ́ọ́kú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju ti àwọn ńlá lọ.

Hippocampus abdominalis ti Ọsirélíà àti Niu Sílándì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35. Omi tútù ló fẹ́. Ẹni tó wà ní Èkó, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀.

Ilé tí wọ́n máa gbé

Fún erectus tàbí reidi méjì, ẹ wá táńkì tó gba lítà 110 ó kéré tán, tó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Gíga ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ lọ, torí òkè ni akọ àti abo ń jó lọ bí wọ́n bá fẹ́ gun ara wọn. Ẹ jẹ́ kí omi náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìsí ẹja, títí ammonia àti nitrite, májèlé inú omi, yóò fi di òdo.

Omi kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 22 sí 24°C lọ. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bakitéríà Vibrio á máa pọ̀ sí i, òun ló sì ń pa ẹṣin-òkun jù. Ní London, yàrá lásán lè bá yín ṣe é lọ́pọ̀ oṣù. Ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ amómitutù ni, owó rẹ̀ sì lè ju ti ẹja fúnra rẹ̀ lọ. Iná ìjọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ẹ kò bá ní ínfẹ́tà tó lè gbé ẹ̀rọ yẹn tọ̀sán-tòru, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà á.

Wọ́n nílò ohun tí ìrù wọn á dì mú: koríko òkun, ewéko oníke, ẹ̀ka gígùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí yẹ́lò máa jẹ́ yẹ́lò, ẹ fi nǹkan aláwọ̀ títàn yí wọn ká. Ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Anemone àti akàn kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀, torí ọ̀kan á ta wọ́n, èkejì á gé wọn. Ẹja tó ń sáré jẹun náà á gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ìgbín òkun ni aládùúgbò tó dára.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà á

Ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín. Èyí tó gbádùn, ojú rẹ̀ á máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á dojú kọ edé náà, á dúró díẹ̀, á wá fà á sẹ́nu lójijì. Bí ilé bá dákẹ́, ẹ lè gbọ́ ọ, "tọ́". Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ikùn rẹ̀ bóyá ó ti jin sínú, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó wú tàbí ó ní funfun, ẹ wo ìrù bóyá afẹ́fẹ́ ti kó sábẹ́ awọ. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ tó ń mí gúlegúle, bí àwọ̀ rẹ̀ bá dára tó ìràwọ̀, ẹ fi í lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Akọ ni èyí tó ní àpò títẹ́jú lábẹ́ ikùn. Afẹ́fẹ́ sì máa ń há sínú àpò yẹn nígbà mìíràn, tí ẹja á wá léfòó, kò ní lè wálẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àyè tí ẹ máa fi tọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, abo méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.