GPS aláfọwọ́mú tó ní lésà: èwo ló yẹ kí ẹ rà fún iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní agbègbè Ẹ̀pẹ́?

Láti Ìtòìkín wọ Ẹ̀pẹ́, kò sí ibi tí ẹ máa yíjú sí tí ẹ kò ní rí òkúta ààlà tuntun. Ilẹ̀ ń tà, iṣẹ́ sì ń bẹ fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan náà fi ń dé etí mi ṣáá: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, GPS tó ní lésà yìí, ṣé kí n rà á?” Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ń béèrè. Sọ̀fẹ́yọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń béèrè. Àwọn tó ń ka òpó iná àti àwọn tó ń wọn oko náà ń béèrè.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé lésà ò lè la ojú GPS tó fọ́. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí ẹ dúró sí. Lésà kàn ń nawọ́ láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ yín ò lè dé ni. Bí ibi tí ẹ dúró sí bá fi mítà mẹ́ta yẹ̀, igun ògiri tí ẹ yìn ín sí náà á fi mítà mẹ́ta yẹ̀, bí lésà ọ̀hún tilẹ̀ péye dé mìlímítà. GPS ni kí ẹ fi owó rà, kí ẹ sì ka lésà sí ènì.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà

Àkọ́kọ́ ni GPS kékeré tí àwọn ọdẹ àti arìnrìn-àjò ń lò, irú Garmin eTrex, tí ẹ wá ra disto, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi lésà wọn jíjìn, lọ́tọ̀ láti máa fi wọn ògiri. Òun ló rọjú jù. Ní gbangba, níbi tí igi tàbí ilé ò ti dí ojú ọ̀run, ó máa ń yẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún, fóònù ọwọ́ yín náà ò sì jìnnà sí i. Disto ní tirẹ̀ péye dé mìlímítà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn: ẹ̀yin lẹ máa kọ nọ́ńbà inú ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó fi ṣírò ti èkejì. Plọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bí mítà 18 ní ìbú, 36 ní gígùn. Àṣìṣe mítà márùn-ún lára ìbú mítà 18 ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀rọ yìí ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ló ń rì mọ́lẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ ọ̀nà oko, tàbí kí ẹ mọ bí oko ẹ̀gẹ́ ṣe tóbi tó, ó tó yín.

Èkejì ni ẹ̀rọ aláfọwọ́mú tí wọ́n ṣe fún yíya máàpù, tí lésà rẹ̀ wà lára rẹ̀ tàbí tó ń fi Bluetooth bá lésà sọ̀rọ̀. Trimble Geo 7X tó ní lésà lórí wà nínú irú èyí. Wọn ò ṣe é mọ́, àlòkù rẹ̀ lẹ máa rí. Àwọn mìíràn máa ń ra GPS tó dáa, wọ́n á so ó mọ́ TruPulse 360, tí í ṣe lésà tó ní kọ̀ǹpáàsì nínú. Ẹ dúró síbì kan, ẹ yin lésà sí òpó iná tó wà lódìkejì títì, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ ṣírò ibi tí òpó náà wà.

Ẹ̀kẹta ni RTK, ìyẹn GPS tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín (rófà) ń gba àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, nípa rédíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọ̀dọ̀ òmíràn tó dúró sójú kan (béèsì). Èyí tí à ń sọ ní lésà nísàlẹ̀ tàbí níwájú, ó sì ní IMU nínú, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ àti ibi tó kọjú sí. Ó ti kéré débi pé ọwọ́ kan gbà á, ṣùgbọ́n orí ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń gbé e lé. Sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ni òun ń sọ. Owó rẹ̀ ò ṣeé fi wé ti àwọn tó kù.

Ohun tí páálí kò sọ

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rọ kejì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Lára páálí rẹ̀ lẹ máa ka pé kò ní yẹ̀ tó mítà kan, “pẹ̀lú SBAS.” Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn yẹn ni kí ẹ wò. SBAS ni sátẹ́láìtì tó ń gbé àtúnṣe ránṣẹ́ sí GPS: ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ WAAS, ti Yúróòpù ń jẹ́ EGNOS. Kò sí èyí tó ń ṣe ìṣírò fún ojú ọ̀run Ẹ̀pẹ́ nínú méjèèjì. Àjọ ASECNA, tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmì ìdánwò ti ilẹ̀ Áfíríkà jáde láti orí NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, ní 2020, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí àmì ìdánwò sanwó ẹ̀rọ. Ohun tó yẹ kí ẹ bi oníṣòwò ni bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba HAS, ìyẹn àtúnṣe tí Galileo, sátẹ́láìtì ti Yúróòpù, ń gbé jáde. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù January 2023 ni wọ́n ṣí i, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ìpéye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dúró kí ó balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí oníṣòwò bá ń wojú yín bí ẹni pé èdè àjèjì lẹ sọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Wàhálà rẹ̀ kejì ni kọ̀ǹpáàsì. TruPulse 360 ń mọ jíjìn dáadáa, àmọ́ apá ibi tí ó kọjú sí lè fi dígírì kan yẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é náà ò fi pamọ́. Dígírì kan ní mítà 50 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 87. Ní mítà 100, ó di mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 75. Ibi tí irin ò sí nìyẹn o. Ẹ gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì onírin, ẹ yìn ín sí òpó iná, ẹ kọ dígírì tó wí sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí géètì náà díẹ̀ lórí ìlà kan náà tó lọ sí òpó yẹn, kí ẹ tún yìn ín. Ó yẹ kí ó wí ohun kan náà, ṣùgbọ́n kò ní wí i. Páànù orí ilé, ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá, transformer, òòlù tó wà lápò yín, gbogbo wọn ló ń da kọ̀ǹpáàsì rẹ̀ rú. IMU inú RTK olówó gọbọi kò fi tirin ṣe, èyí sì ni ìdí gidi tí owó rẹ̀ fi ga, ju ti lésà fúnra rẹ̀ lọ. Ó kàn ń fẹ́ kí ẹ rìn díẹ̀ tàbí kí ẹ mì í kó tó mọ apá ibi tó kọjú sí; bí ẹ bá sì dúró gbagidi fún ìgbà pípẹ́, ẹ tún un ṣe.

RTK náà ní tirẹ̀. Lórí ìwé rẹ̀ lẹ máa rí “8 mm + 1 ppm RMS.” RMS túmọ̀ sí pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ibi tí ẹ bá wọ̀n ló máa bọ́ sínú òdiwọ̀n yẹn, ìdá kan á kọjá rẹ̀. 1 ppm sì jẹ́ mìlímítà kan lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín yín àti béèsì. Bí béèsì tí oníṣòwò fi ń polówó bá wà ní Akọkà, nǹkan bí kìlómítà 65 ló wà láàárín ibẹ̀ àti Ẹ̀pẹ́ téèyàn bá fà á gbọọrọ. Mìlímítà 65 ti wọ̀ ọ́ nìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bó bá tiẹ̀ gbà láti fix, ìyẹn kí ó dúró gbọn-in lórí ìpéye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀. Níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, float ló sábà máa ń wà, ìyẹn pé nọ́ńbà rẹ̀ á ṣì máa rìn, kò tíì péye.

Gbé wọn wọ oko

Níbi igun ògiri ni RTK onílésà ti ń gba ìyìn rẹ̀. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ajá wà nínú, onílé ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ igun ẹ̀yìn fẹ́ńsì bọ́ sábẹ́ òrùlé ilé kejì tí sátẹ́láìtì ò lè rí. Ẹ dúró ní gbangba lójú títì títí ẹ̀rọ á fi fix, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo igun náà nínú kámẹ́rà, ẹ tẹ bọ́tìnì. Láàárín mítà mélòó kan sí mẹ́wàá, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni ẹ máa bá a. Bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i ni àṣìṣe igun kékeré ń di ńlá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí “mítà 50” tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. Ibi tí lésà lè dé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọ̀sán gangan tún wà ńbẹ̀. Lábẹ́ òòrùn Ẹ̀pẹ́, ẹ kò ní rí àmì pupa yẹn lára ògiri funfun rárá. Aláwọ̀ ewé sàn jù ú. Èyí tí kò bá ní kámẹ́rà tó lè fa nǹkan súnmọ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Nínú igbó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó mítà 20. Ká ní wọ́n ní kí ẹ wọn bí yàrà náà ṣe jìn tó láti etí rẹ̀. Igi ti bo ojú ọ̀run, RTK ń float, lésà rẹ̀ sì ń kọlu ewé àkọ́kọ́ tó bá pàdé, á máa ka ewé náà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ yàrà ni. TruPulse ní ètò kan tó máa ń fojú fo ohun tó súnmọ́, tó máa ń mú èyí tó jìnnà jù. Ẹ wá ojú ọ̀nà kékeré tí ọ̀run ti là, ẹ ti ibẹ̀ yìn ín sísàlẹ̀. Fún irú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ẹ̀rọ kejì ju ẹ̀kẹta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré. Bó bá wá jẹ́ ààlà ilẹ̀ lẹ ń wọ̀n nínú igbó, ẹ lọ háyà total station, ẹ̀rọ orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń wọn igun àti jíjìn láìlo sátẹ́láìtì, kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Etí ọ̀sà ńkọ́? Lésà kì í padà dáadáa láti ojú omi, ó sì máa ń gba inú gíláàsì kọjá. Ohun dúdú tó tutù náà máa ń gbé e mì. Ẹ yìn ín sí òpó tàbí ara ọkọ̀ ojú omi. Bí àwọn ọmọdé bá sì yí yín ká láti wòran, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ wò ó lára ẹ̀rọ bóyá Class 2 tàbí 3R ni. Ti àkọ́kọ́ kò ju mìlíwáàtì kan lọ. Ti èkejì lè tó márùn-ún, kò sì yẹ kó kan ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn nǹkan tí lésà ò lè bá yín ṣe

Ọ̀pọ̀ plan àtijọ́ tí ẹ máa bá pàdé, orí Minna datum ni wọ́n gbé e lé, ìyẹn òdiwọ̀n àtijọ́ tí Nàìjíríà fi ń ka ibi tí nǹkan wà, ní UTM zone 31, apá máàpù tó kàn wá. Ẹ̀rọ tó ti inú páálí jáde, WGS 84, òdiwọ̀n tí GPS ń lò kárí ayé, ló ń sọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lọ́dọ̀ wa lè ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá wá òkúta ààlà, tó sì bá ara rẹ̀ nínú ọgbà ọlọ́gbà. Kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí oníṣòwò fi hàn yín ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìyípadà Minna sínú rẹ̀. Gíga náà ní tirẹ̀: èyí tí GPS ń sọ fi ohun tó ju mítà 20 yàtọ̀ sí ti ojú òkun ní agbègbè yìí, nítorí náà ẹni tó ń ṣe gọ́tà gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ tó ní geoid nínú, ìyẹn ohun tó ń yí gíga GPS sí ti ojú òkun.

Ilẹ̀ Nàìjíríà súnmọ́ ìlà àárín ayé, afẹ́fẹ́ òkè níbẹ̀ sì máa ń da àmì sátẹ́láìtì rú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Fix á kàn máa já. Ẹ parí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí owó yín bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, ṣé rófà onílésà kan ni, àbí béèsì àti rófà tí kò ní lésà? Mo máa mú béèsì àti rófà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní inú abúlé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, rédíò béèsì tiwọn ló máa gbà wọ́n, disto kékeré á sì bá wọn wọn igun tí wọn ò lè dé. Bí ẹ bá sì gba dátà béèsì sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí CSRS-PPP ti Kánádà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣírò ibi tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń gbé ní àárín ìlú, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fẹ́ńsì àti ilé tó ti dúró, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sì jẹ́ ìṣòro fún wọn, àwọn ni kó ra rófà onílésà.

Ẹ̀rọ kì í sọ èèyàn di sọ̀fẹ́yọ̀ o. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń forúkọ sọ̀fẹ́yọ̀ sílẹ̀, ló lè fọwọ́ sí plan, Alausa sì ni wọ́n ń kó o lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á láti fi yẹ ilẹ̀ wò kí ọmọ onílẹ̀ má baà rẹ́ yín jẹ, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ má ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú oníṣòwò lọ síbi òkúta ààlà tí ẹ mọ nọ́ńbà ibi tó wà lórí máàpù, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tan án padà, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ yin lésà sí igun kan láti apá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wo bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe súnmọ́ra sí. Ẹ wò ó bóyá IP67 ni, ìyẹn pé eruku àti omi ò lè wọ inú rẹ̀, nítorí òjò oṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ registration sí nínú rẹ̀: ọ̀pọ̀ RTK ló ń wá pẹ̀lú kóòdù tó ní ọjọ́ tó máa parí, bí ọjọ́ náà bá sì pé, ẹ̀rọ á tì pa. Ẹ ní kó fún yín ní èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí, kó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sínú rìsíìtì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.