Charleston tàbí Savannah: níbo ni mọ́tò yín máa sùn?

Tí ẹ bá ń gbé ní Atlanta bíi tèmi, tí àlejò sì dé bá yín láti ilé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa ro èwo nínú ìlú àtijọ́ méjèèjì yìí, Charleston ní South Carolina àbí Savannah ní Georgia, lẹ máa mú wọn lọ. Mo ti lọ sí Savannah lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì lọ sí Charleston lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi tẹ̀ lé mi dé méjèèjì.

Ilé aláwọ̀ mèremère àti igi tí irùngbọ̀n so lára, ẹ ti rí wọn lórí fóònù, mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn. Oúnjẹ, ọgbọọgba ni: ìrẹsì pupa táwọn Gullah Geechee, àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí etí òkun yìí, ń sè wà níbi méjèèjì. Ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní jọ́lọ́ọ̀fù ni, pé ata ló sá fún un. Òtẹ́ẹ̀lì Charleston wọ́n ju ti Savannah lọ nígbàkigbà tí mo bá wò ó, àfi ọ̀sẹ̀ St. Patrick's Day nínú oṣù kẹta, tí Savannah máa ń kún fọ́fọ́ tí owó yàrá á fò sókè.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò wá kù.

Charleston wà láàárín odò Ashley àti odò Cooper, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀. Apá kan ìlú náà, ẹrọ̀fọ̀ àti ojú odò ni wọ́n dí kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Omi ò sì gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, òṣùpá ràn kedere. Òtẹ́ẹ̀lì ní owó páàkì lọ́tọ̀ fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní èmi kọ́, mo wá àyè ọ̀fẹ́ sí àdúgbò kan tí kò jìnnà, mo gbé Camry mi síbẹ̀, mo lọ sùn. Òjò ò rọ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa o, ẹ̀kán kan ò kán. Ilẹ̀ mọ́, mo débẹ̀, omi ti dé ìdajì táyà. Òkun ló kún, tó gba ojú gọ́tà jáde sí títì. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn kàn wò mí, ó bi mí bóyá àlejò ni mí.

Ìyá mi wo omi, wọ́n wo èmi náà. "O ò sanwó fún onílé, wá san án fún Olókun."

Omi fà, mo ṣáná sí mọ́tò, ó gbéra, mo dúpẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná oríṣiríṣi fi ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fi hàn mí: omi iyọ̀ ti jẹ ẹnu àwọn wáyà, bàbà ti di àwọ̀ ewé. Ínṣọ́ránsì mi, ẹni tí mo bá kọlù nìkan ló ń sanwó fún. Àpò mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, ó ju ìlọ́po ogún owó páàkì tí mo ń ṣahun sí.

Torí náà, kí ẹ tó gba yàrá ní Charleston, ẹ wo ohun tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kọ nípa ìkún omi èbúté ibẹ̀. Tó bá ti máa tó ẹsẹ̀ bàtà 7 lórí ìwọ̀n wọn, títì tó rẹlẹ̀ máa rí omi. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ló burú jù, nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí tí oṣù tuntun bá lé. Ẹ sanwó páàkì alájà, kí ẹ gbé mọ́tò sókè.

Savannah? Orí òkè etí odò, tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ni Oglethorpe, Gẹ̀ẹ́sì tó dá Georgia sílẹ̀, tẹ ìlú náà dó sí ní 1733. Ẹ gbé mọ́tò síbì kan, kí ẹ wọ DOT, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó ń yí àárín ìlú ká, tàbí kí ẹ rìn láti gbàgede kan dé èkejì. Gbàgede 22 ló kù, wọ́n ní ìbòji àti ìjókòó. Ìyá mi jókòó nínú mẹ́jọ. Àbùkù ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí River Street: ó ga, ó ń yọ̀, kì í ṣe ibi tí orúnkún àgbà ń lọ. Kòkòrò ìrọ̀lẹ́ náà ń jẹni.

Ní ti ìtàn, mi ò ní purọ́, Charleston ló borí. International African American Museum, tí wọ́n ṣí ní 2023, wà ní Gadsden's Wharf gan-an, èbúté tí wọ́n ti ń já àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà sílẹ̀. Orí òpó ni wọ́n gbé ilé náà kà, kó má baà tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn ènìyàn tó sùn jọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ọkọ̀. Omi á bò wọ́n, á tún fà. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì lọ ní Mọ́ńdè. Ohun tí Savannah ní ni First African Baptist Church, tí ihò tí wọ́n tò bí àmì ẹ̀sìn àwọn ará Kóńgò wà lára pákó ilẹ̀ rẹ̀, àti ìrántí ọjọ́ méjì ní 1859 tí wọ́n ta èèyàn tó ju 400 lọ ní pápá eré ẹṣin ẹ̀yìn ìlú.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lówó páàkì, tó sì mọ ìwé òṣùpá kà, kó sùn ní Charleston. Ẹlòmíràn, kó sùn ní Savannah fún alẹ́ méjì, wákàtí mẹ́rin péré láti Atlanta, kó fi ọjọ́ kan wa mọ́tò wákàtí méjì lọ sí Charleston, kó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó jẹun, kó máa bọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba Highway 17. Ní ẹ̀gbẹ́ Sheldon, ní South Carolina, ni Ọ̀yọ́túnjí wà, abúlé tí wọ́n ti ń tẹ̀lé àṣà àti ẹ̀sìn Yorùbá, tí Ọba Adéfúnmi, ọmọ Detroit tó ń jẹ́ Walter King tẹ́lẹ̀, tẹ̀ dó ní 1970. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti dé wọn ládé ní 1981. Ìyá mi kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní Yorùbá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú owó beba lọ́wọ́.