Monsieur Madeleine, ẹni tó gbé ìlú ró nínú Les Misérables

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Les Misérables parí ni, ìwé tí Victor Hugo, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1862. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tí Jean Valjean, olú ẹ̀dá ìtàn náà, jí àti ọdún 19 tó fi ṣẹ̀wọ̀n ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìgbà tó yí orúkọ padà sí Madeleine, tó sì di olórí ìlú Montreuil-sur-Mer.

Oṣù Kejìlá 1815 ló débẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí iná ń jó gbọ̀ngàn ìlú. Ó bẹ́ sínú iná, ó gbé ọmọ méjì jáde. Ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n, ni kò bá sẹ́ni tó rántí bi í léèrè ìwé ìrìnnà, èyí tí ì bá tú u fó pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ni iṣẹ́ ìlú náà, àmọ́ èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Madeleine pààrọ̀ oje igi tí wọ́n ń lò, ó sì ní kí wọ́n máa tẹ irin ẹ̀gbà ọwọ́ pọ̀ dípò kí wọ́n máa fi iná jó o. Ohun kékeré yìí ló sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. Inú mi dùn pé Hugo fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí ó jẹ́ ká mọ ibi tí owó tó ń fi ṣàánú ti ń wá: ibùsùn 10 nílé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ méjì, oògùn ọ̀fẹ́, owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ti darúgbó. Wọ́n fi ipò olórí ìlú lọ̀ ọ́ ní 1819, ó kọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá arúgbó kan fi ìbínú kígbe sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣé oore tó lè ṣe ló ń sá fún. Ìgbà yẹn ló gbà.

Ti Fantine dùn mí gan-an. Ilé iṣẹ́ Madeleine ni wọ́n ti lé e torí pé ó bímọ láìlọ́kọ. Alábòójútó ló lé e, ó fún un ní 50 francs lórúkọ ọ̀gá tí kò gbọ́ nǹkan kan. Madeleine kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibi táwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Mo bínú sí i, inú náà kò sì tíì rọ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ dá Champmathieu, ọkùnrin kan tí wọ́n ṣì mú, lẹ́bi nílé ẹjọ́ ìlú Arras, pé òun ni Jean Valjean tí wọ́n ń wá, Madeleine lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ìlú á máa jẹun lọ, aláìṣẹ̀ kan á sì kú sẹ́wọ̀n. Hugo ò jẹ́ kó rọrùn fún un: òru ọjọ́ kan gbáko ló fi ń bá ara rẹ̀ jà, tó ń ro ti àwọn tébi máa pa tóun bá lọ. Ó lọ, ó jẹ́wọ́.

Ẹ má fo ibi tí ìlú ti tú ní apá kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Madeleine lọ. Kálukú ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ń fi ayédèrú bá iṣẹ́ jẹ́, ilé iṣẹ́ tì, aláìní kò rí nǹkan kan mọ́. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, iye tí ìjọba ń ná kó tó rí owó orí gbà níbẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Igi kan kì í dá igbó ṣe, Madeleine kò sì tọ́ ẹnikẹ́ni dàgbà tó lè dúró sípò rẹ̀. Mo ti ka ìtàn púpọ̀ tó yin irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló ní ìgboyà láti sọ ìyà tó jẹ ìlú lẹ́yìn tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ogun Waterloo àti ti kòtò ìdọ̀tí Paris gùn jù fún mi. Síbẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ ra ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú. Ó lè má ní ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ àti owó orí yẹn nínú, bẹ́ẹ̀ àwọn ló jẹ́ kí n gbà pé lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí gbé ìlú ró.